Ẹ bi wá: ṣé ó yẹ kí ìnṣọ́ránsì ìjọba àti ti aládàáni máa fi dátà wa han ara wọn?

Látìgbà tí a ti sọ̀rọ̀ jìbìtì inú ìtọ́jú ìlera lójú ewé yìí, tí a sọ pé kí ìnṣọ́ránsì ìjọba àtàwọn kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì aládàáni máa jọ yẹ bíìlì tó ń wọlé sọ́dọ̀ wọn wò, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró. Àwọn kan gbà, àwọn kan fara ya. Mo ṣa díẹ̀ nínú ẹ̀, mo gé àwọn tó gùn jù kúrú, mo sì yọ orúkọ gbogbo yín kúrò torí ọ̀rọ̀ àìsàn pọ̀ níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí ẹ kọ yẹn ò yé mi tó. Kọ́ńpìnnì kọ̀ọ̀kan ló ní kọ̀ǹpútà tiẹ̀, ó ní ọdítọ̀ tiẹ̀, ìjọba náà ní tiẹ̀. Kí ló dé tí oníkálùkù ò lè ṣọ́ owó tiẹ̀? Kí ni wọ́n ń wá nínú fáìlì ẹlòmíì?

Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí. Ohun tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹni tó mọ jìbìtì í lù dáadáa kì í kó púpọ̀ lójú kan. Ẹ jẹ́ ká mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ṣoṣo. Dọ́kítà kan fi bíìlì wákàtí 11 ránṣẹ́ sí ìnṣọ́ránsì ìjọba fún àwọn aláìsàn tó ní òun rí lọ́jọ́ yẹn. Ó fi ti wákàtí 9 ránṣẹ́ sí kọ́ńpìnnì aládàáni kan, ó tún fi ti wákàtí 8 ránṣẹ́ sí òmíì. Ọdítọ̀ ìjọba wò ó, ó ní ọkùnrin yìí mà ń ṣiṣẹ́ o, wákàtí 11 pọ̀ àmọ́ ó ṣeé ṣe. Ti kọ́ńpìnnì àkọ́kọ́ rí 9, kò tiẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ti ìkejì rí 8, iṣẹ́ òòjọ́ lásán. Kò sẹ́ni tó sùn lẹ́nu iṣẹ́ nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ẹ ro ó pọ̀, ó di wákàtí 28 nínú ọjọ́ tí Ọlọ́run ṣe ní 24. Kò sí bí èèyàn ṣe máa rí i àyàfi tí ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá wà lórí tábìlì kan náà.

Ìyẹn nìkan kọ́. Àwọn tó ní ìnṣọ́ránsì méjì wà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ìkejì láti ibi iṣẹ́, òfin sì máa ń sọ èyí tó yẹ kó kọ́kọ́ sanwó. Ilé ìwòsàn tí ò ní ìbẹ̀rù lè ya síkáánù orúnkún kan lẹ́ẹ̀kan, kó gba owó ẹ̀ lódidi lọ́wọ́ àwọn méjèèjì, ìkíní ò sì ní mọ̀ pé ìkejì ti san. Òmíì tún wà: ìwé ìjọba sọ pé aláìsàn wà lórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù láti ọjọ́ 3 sí ọjọ́ 10, ìwé kọ́ńpìnnì aládàáni sì sọ pé ẹni kan náà rìn wọ kílíníìkì kan lọ́jọ́ 6 láti wá ṣe fisiotẹ́rápì. Báwo ló ṣe kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì?

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni tàwọn tí wọ́n ti lé kúrò níbì kan. Kọ́ńpìnnì kan gbá wọn mú, ó fagi lé àdéhùn wọn, kò pariwo torí kò fẹ́ kí lọ́yà pe òun lẹ́jọ́, ni wọ́n bá kọjá sọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì kejì pẹ̀lú orúkọ ilé ìwòsàn tuntun, àdírẹ́sì kan náà, nọ́ńbà àkáǹtì báńkì kan náà. Wọ́n tún lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ogiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́, ibi tí ogiri yìí ti lanu sì ni àárín ìnṣọ́ránsì kan sí ìkejì.

Ọmọ mi, ìyá àgbà ni mí, mo ti fẹ̀yìn tì. Mo gbọ́ tí ẹ ń pariwo jìbìtì jìbìtì. Ṣebí owó ìnṣọ́ránsì ni wọ́n ń jí, àwọn kọ́ńpìnnì yẹn sì lówó, ìjọba náà lówó. Kí ló kàn mí ńbẹ̀?

Màámi, ẹ ṣé gan-an tí ẹ kọ̀wé. Ó kàn yín o. Owó tí ìjọba ń ná, owó orí ni, àti èyí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù àwọn ọmọ yín. Owó tí kọ́ńpìnnì ń ná, owó táwọn èèyàn ń dá lọ́dọọdún ni, tí jìbìtì bá jẹ ẹ́ kù, iye tí wọ́n máa bù lé e lọ́dún tó ń bọ̀ máa ga sí i. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ kan wà tó ń jẹ́ National Health Care Anti-Fraud Association, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1985, àwọn ìnṣọ́ránsì aládàáni àti òṣìṣẹ́ ìjọba wà nínú ẹ̀, wọ́n ní tí èèyàn bá fi ọwọ́ rọ̀ ọ́ ṣírò, owó tí jìbìtì ń kó lọ tó 3 nínú 100 gbogbo owó tí wọ́n ń ná sórí ìlera. Àwọn míì nínú ìjọba àti agbófinró ní ó lè tó 10 nínú 100. Owó tó yẹ kó ra oògùn fún ẹni tó ń ṣàìsàn gidi ni.

Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbé owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, Mà, torí pé ara èèyàn ló tún ń fara gbá a. Dọ́kítà jẹjẹrẹ kan wà ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, Farid Fata lorúkọ ẹ̀. Ó ń fún àwọn tí ò ní jẹjẹrẹ rárá ní oògùn jẹjẹrẹ, ìyẹn kimotẹ́rápì tó ń mú irun jẹ, tó ń ba eyín àti egungun jẹ́, ó tún ń fún àwọn tí wọ́n ti gbádùn lọ́pọ̀ ju iye tí wọ́n nílò lọ, torí kó ṣáà lè máa kọ bíìlì. Aláìsàn 553 ni ìjọba ní ó ṣe é sí. Bíìlì èké tó fi ránṣẹ́ tó nǹkan bíi mílíọ̀nù dọ́là 34, Medicare tí í ṣe ìnṣọ́ránsì ìjọba fáwọn àgbàlagbà ló kó apá kan, àwọn kọ́ńpìnnì aládàáni kó ìyókù. Wọ́n mú un ní 2013, ó jẹ̀bi, ní oṣù Keje 2015 adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 45. Àwọn àgbàlagbà bíi tiyín wà lára àwọn tó jìyà lọ́wọ́ ẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń sanwó fún un ló ní apá kan ìwé lọ́wọ́. Ẹni tó ń bójú tó ọ́fíìsì ẹ̀ ló padà lọ fọhùn fún ìjọba, kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló tú u fó. Mo sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má lọ rò pé dátà nìkan tó, ẹni tó wà nínú ilé tó lè sọ̀rọ̀ láìbẹ̀rù ṣì ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ lọ nígbà míì.

Nǹkan kan ló kù, Mà. Tí ẹnì kan bá fi orúkọ yín àti nọ́ńbà káàdì yín gba ìtọ́jú, àìsàn ẹni yẹn máa wọ inú fáìlì yín. Oògùn tí ara ẹ̀ ò gbà, irú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, gbogbo ẹ̀ á wà lábẹ́ orúkọ yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé yín wọlé tí ẹ ò lè sọ̀rọ̀, fáìlì yẹn ni dọ́kítà máa kà.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣe é lóòótọ́, àbí orí ìwé ló mọ? Ta ló ń tọ́jú dátà náà?

Wọ́n ń ṣe é. Èyí tó lórúkọ jù ni ti Amẹ́ríkà, Healthcare Fraud Prevention Partnership, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní HFPP. Oṣù Keje 2012 ni Kathleen Sebelius tó jẹ́ mínísítà ìlera nígbà yẹn àti Eric Holder tó jẹ́ olórí ilé iṣẹ́ ìdájọ́ kéde ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀, àwọn kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì aládàáni àtàwọn ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti jìbìtì ló wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá wù ló ń wọ̀ ọ́, kò sí tipátipá. Nígbà tó yá wọ́n fi òfin tì í lẹ́yìn, ó wà nínú òfin owó ńlá tí wọ́n ṣe fún ọdún 2021.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí ni bí wọ́n ṣe tò ó. Kọ́ńpìnnì kan ò ní kó fáìlì ẹ̀ fún kọ́ńpìnnì kejì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, torí pé orogún ọjà ni wọ́n, kò sẹ́ni tó máa fi iye tó ń san fún ọsibítù han orogún ẹ̀. Agbọ̀ràndùn kan ló wà láàárín wọn, tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn. Oníkálùkù á fi bíìlì tó ti wọlé sọ́dọ̀ ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, agbọ̀ràndùn yìí á kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, á wá nǹkan tí ò bára mu: dọ́kítà tí wákàtí ẹ̀ ju ọjọ́ lọ, kílíníìkì tó jẹ́ pé àpótí ìfìwéránṣẹ́ ni àdírẹ́sì ẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbé aláìsàn lọ sọ́sibítù lọ́jọ́ tí kò sí ọsibítù kankan tó rí aláìsàn náà, bíìlì fún ẹni tó ti kú. Ohun tó bá rí ló máa dá padà fún wọn, pé ẹ lọ yẹ olùtọ́jú báyìí wò, kò ní sọ fún Kọ́ńpìnnì A pé báyìí ni aláìsàn Kọ́ńpìnnì B ṣe ń ṣe. Ẹ rí i pé lórúkọ dọ́kítà ni ìwádìí ń gbà, kì í ṣe lórúkọ aláìsàn. Níbi tó bá di dandan kí wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan náà ni aláìsàn méjì, wọ́n lè yí orúkọ àti ọjọ́ ìbí padà sí àmì gígùn kan tí ò ṣeé kà, tí ìnṣọ́ránsì méjèèjì bá yí i lọ́nà kan náà, àmì méjèèjì máa bára mu láìjẹ́ pé ẹnì kan rí orúkọ. Kò ní idán nínú, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ pa kọ́kọ́rọ́, ìyẹn àmì àṣírí tí wọ́n fi yí i, mọ́ gidi gan-an, torí ẹni tó bá rí kọ́kọ́rọ́ yẹn lè dán orúkọ kọ̀ọ̀kan wò títí á fi mọ ẹni tó ni àmì náà.

Ní Jámánì, láti 2004 ni òfin ti ní kí àwọn ìnṣọ́ránsì ìlera tí òfin dá sílẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà màgòmágó. Ní England, NHS Counter Fraud Authority, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì nínú ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ti ń ṣe ti ìjọba láti 2017.

Mo ka ohun tí ẹ kọ, inú mi ò dùn sí i rárá. Mo ní àìsàn kan tí ìyàwó mi nìkan mọ̀ nípa ẹ̀. Ìnṣọ́ránsì ìjọba ló ń sanwó oògùn mi. Ẹ wá ní kí wọ́n lọ fi han kọ́ńpìnnì aládàáni tí ibi iṣẹ́ mi ń lò? Kí wọ́n lè bù lé owó mi, kí ọ̀gá mi sì gbọ́?

Ẹ má bínú, arákùnrin. Ìbẹ̀rù yín tọ́, mi ò sì ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Tí wọ́n bá ní kí gbogbo fáìlì aláìsàn máa lọ láti ọ̀dọ̀ ìjọba sọ́dọ̀ kọ́ńpìnnì, èmi gan-an máa ta kò ó. Jìbìtì bíìlì ò nílò ìwé tí dọ́kítà kọ nípa ohun tí ẹ bá a sọ, kò nílò èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yín. Ohun tó nílò ò pọ̀: ta ló tọ́jú, ọjọ́ wo, níbo, kóòdù iṣẹ́ wo, ìyẹn àmì tó dúró fún ìtọ́jú tí wọ́n ṣe tàbí oògùn tí wọ́n fún yín, èló ni wọ́n bèèrè fún, èló ni wọ́n san. Ibi tí ó ti le ni pé kóòdù yẹn fúnra ẹ̀ lè tú àṣírí, tí kóòdù bá sọ pé oògùn báyìí ni, ẹni tó mọ iṣẹ́ máa mọ àìsàn tó wà ńbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí agbọ̀ràndùn àárín yẹn fi ṣe kókó, kóòdù yín á dé ọ̀dọ̀ agbọ̀ràndùn láìní orúkọ, kò sì gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì tó ń ta ìnṣọ́ránsì fún yín.

Ìkejì, ohun tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ lò ó fún. Kí ó wà nínú àdéhùn, ní gbangba, pé ẹni tó bá lo dátà jìbìtì láti fi gbé owó ẹnì kan lé tàbí láti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó máa san owó ìtanràn tó máa dùn ún, wọ́n á sì lé e jáde. Òfin HIPAA ti 1996 ní Amẹ́ríkà, tó ń ṣọ́ àṣírí ìlera èèyàn, gbà kí àwọn tó ń sanwó ìtọ́jú fi dátà han ara wọn láti wá jìbìtì, àmọ́ ó ní ààlà tó là sílẹ̀. Òfin GDPR ti Yúróòpù, tó ń dáàbò bo dátà èèyàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, ka ọ̀rọ̀ ìlera mọ́ dátà tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn àyàfi tí òfin bá dárúkọ ìdí ẹ̀. Tí ìlú kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú ètò yìí láìní irú òfin bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, kí wọ́n lọ ṣe òfin kọ́kọ́.

Ìkẹta ni tàwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní 2015, kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì Anthem ní Amẹ́ríkà kéde pé wọ́n ti já wọ kọ̀ǹpútà òun, àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn lé ní mílíọ̀nù 78. Kọ́ńpìnnì kan ṣoṣo nìyẹn o! Ẹ wá wo tí ẹnì kan bá lọ kó ti gbogbo kọ́ńpìnnì àti ti ìjọba jọ sínú ilé kan. Nítorí náà mi ò fara mọ́ kí wọ́n kọ́ àká ńlá tí dátà á máa wà títí ayé. Kí wọ́n kó èyí tí ìwádìí kan nílò, kí wọ́n ṣe é tán, kí wọ́n pa á rẹ́, kí ọjọ́ tí wọ́n máa pa á rẹ́ sì ti wà nínú ìwé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti ọ̀gá yín, kò sí ìdí kankan lábẹ́ ọ̀run tí orúkọ ọ̀gá ẹnikẹ́ni fi gbọ́dọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Dọ́kítà ni mí, ibi tó jìnnà sígboro ni mo wà, èmi nìkan ló ń ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní gbogbo agbègbè wa. Bíìlì mi pọ̀ ju ti gbogbo ẹgbẹ́ mi lọ. Kọ̀ǹpútà yín á pè mí lólè lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n á dá owó mi dúró, máa ti kílíníìkì pa, kí àwọn aláìsàn mi máa wá lọ sọ́dọ̀ ta?

Dọ́kítà, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀mí. Nínú gbogbo lẹ́tà, tiyín ni mo rò jù.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Netherlands. Ti ìlera kọ́, ti owó ìrànwọ́ ìtọ́jú ọmọ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ló wà níbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ owó orí ń wá oníjìbìtì, wọ́n gbé ètò kọ̀ǹpútà kalẹ̀, wọ́n fẹ̀sùn kan ẹgbẹẹgbẹ̀rún òbí láìtọ́, wọ́n ní kí wọ́n dá owó rẹpẹtẹ padà, ìgbà míì nítorí ibi tí ẹnì kan gbàgbé láti fọwọ́ sí nínú fọ́ọ̀mù, àwọn tó ní ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè méjì ni wọ́n sì fojú sí jù. Àwọn ìdílé tú ká, àwọn kan pàdánù ilé. Ní oṣù Kìíní 2021 ìjọba Mark Rutte, tó jẹ́ olórí ìjọba ibẹ̀ nígbà yẹn, fi ipò sílẹ̀ nítorí ẹ̀. Àwọn tó gbé ètò yẹn kalẹ̀ náà rò pé owó ará ìlú làwọn ń ṣọ́.

Torí ẹ̀, ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ, ìfura ni, kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó mọ iṣẹ́ abẹ ojú ló gbọ́dọ̀ wo bíìlì yín, kí ó kọ́kọ́ béèrè dọ́kítà ojú mélòó ló wà ní agbègbè yẹn, kí ó pe àwọn aláìsàn díẹ̀, kí ó wo ìwé iṣẹ́ abẹ, kí ó bi yín léèrè kó tó bi báńkì. Kí wọ́n fún yín ní ìwé tó sọ ohun tí wọ́n rí àti àyè láti fèsì. Tó bá di dandan kí wọ́n dá owó kan dúró, kí ó jẹ́ ti bíìlì tí wọ́n ń fura sí nìkan. Ó ṣì ku ọ̀kan tí mi ò gbọ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa sọ: tí ìnṣọ́ránsì mẹ́wàá bá jọ ń wo ìfura kan náà, tí ẹ sì fi hàn pé ẹ ò jẹ̀bi, ta ló máa sọ fún àwọn mẹ́wàá? Ètò tó lè gbé orúkọ yín dé ọ̀dọ̀ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ lè fọ orúkọ náà mọ́ lọ́dọ̀ mẹ́wàá lọ́jọ́ kan.

Dátà yìí lè gbè yín náà o. Tí gbogbo bíìlì bá wà lójú kan, ẹ̀yin gan-an lẹ máa fi hàn pé kò sí ẹlòmíì tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní agbègbè yín, pé àwọn tí ẹ ń ṣe é fún wà láàyè, wọ́n sì ń ríran.

Ẹ jọ̀ọ́, kíákíá ni o. Ìwé ìnṣọ́ránsì mi dé lórí fóònù, ó ní mo ṣe àyẹ̀wò ọkàn lọ́jọ́ kan tí mi ò tiẹ̀ jáde nílé. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ má pa ìwé yẹn rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn tó kọ bíìlì náà, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè, torí nọ́ńbà káàdì lè ṣì wọlé, tàbí kí ó jẹ́ ọjọ́ míì tí ẹ lọ ni wọ́n kọ ọjọ́ ẹ̀ sí. Tí àlàyé wọn ò bá yé yín, ẹ pe ẹ̀ka jìbìtì ní ìnṣọ́ránsì yín, kì í ṣe nọ́ńbà oníbàárà lásán, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn, ẹ kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó dá yín lóhùn sílẹ̀. Tí ẹ bá ní ìnṣọ́ránsì méjì, ẹ sọ fún àwọn méjèèjì, torí níbi tí wọn ò bá tíì máa fi dátà han ara wọn, ẹ̀yin nìkan ni afárá tó wà láàárín wọn. Ẹ béèrè fún gbogbo bíìlì ọdún kan sẹ́yìn, ẹ kà á láti òkè délẹ̀, jìbìtì kì í sábà jẹ́ ẹyọ kan.

Lẹ́yìn náà, ẹ padà lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ ní kí wọ́n ṣàtúnṣe sí fáìlì ìlera yín, kì í ṣe bíìlì nìkan. Ọ̀pọ̀ máa ń gba owó padà tí wọ́n á sì gbàgbé èyí, àyẹ̀wò ọkàn tí ẹ ò ṣe á ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú èsì ẹlòmíì. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ fún yín pé àwọn ti ṣe é.